Kẹ̀kẹ́ Ológeere Lórí Òkè Ẹ̀fọ̀n

Ilẹ̀ títẹ́jú ni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wa yìí. Ẹni tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde lè gun kẹ̀kẹ́ ológeere dé Ẹ̀pẹ́ láìmọ ohun tí à ń pè ní òkè gan-an. Bí àlejò bá ní òun fẹ́ rí ibi jíjìn tí ògiri dúró lọ́tùn-ún lósì, Erédò Sùngbọ́ ni a ó mú un lọ, kòtò tí àwọn baba ńlá wa fi ọwọ́ gbẹ́ yí ilẹ̀ wọn ká. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà, ó sì ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí ògiri níbòmíràn. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn nìyẹn. Ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó to àpáta.

Ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti dé Ẹ̀fọ̀n rí. Ibẹ̀ ni a sin Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí ní 1959, lẹ́yìn tí ó sùn nínú Olúwa ní Ẹdẹ. Ọkọ̀ ìjọ ni ó máa ń gbé wa lọ. A ó kọrin títí a ó fi kọjá Iléṣà, oorun yóò gbé wa lọ, ìgbà tí a ó bá fi la ojú, a ti dé. Èyí ni mo rò tí mo fi sọ fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì nínú ìjọ wa pé kí á fi bọ́ọ̀sì gbé kẹ̀kẹ́ wa dé Iléṣà, kí á gun ìyókù. Ìyàwó mi bi mí bóyá mo rántí ọjọ́ orí mi. Mo ní mo rántí.

Àárọ̀ kùtùkùtù ni a gbéra, lẹ́yìn tí a ti bi àwọn awakọ̀ ní gáréèjì bí ọ̀nà ti rí, nítorí ayé ti yí padà, a kì í fi ìrọ̀lẹ́ rin ọ̀nà igbó mọ́. Láti Iléṣà dé Ìwàràjà kò ni wá lára. Lẹ́yìn náà ni àwọn òkè bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ wa. Ní agbègbè yẹn ni Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà wà, níbi tí omi Olúmirìn ti ń já wálẹ̀ ní ìpele méje. Ẹni tí ó bá gun méjèèje tán, ilẹ̀ Ẹ̀fọ̀n ni yóò bá ara rẹ̀ lókè. Omi mọ ọ̀nà àbùjá. Àwa oníkẹ̀kẹ́ ni a gbọ́dọ̀ yí po.

Ọ̀nà náà ń lọ́ bí ejò láàrin òkè, igbó dúdú lápá kan, àpáta lápá kejì. Nínú mọ́tò, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Lórí kẹ̀kẹ́ tí kò ní jíà, gbogbo ìtàkùn ẹsẹ̀ ni yóò jẹ́rìí. Ṣéènì ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà yọ lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá, ó ń kérora bí aboyún, ó sì fi èéfín kùn wá lójú. Níkẹyìn a sọ̀kalẹ̀, a ń ti kẹ̀kẹ́. Ibẹ̀ ni ìyá àgbàlagbà kan tí ó ru igi ìdáná ti bá wa, tí ó sì ré wa kọjá. Ó ní, “Ẹ kú ọ̀nà o, bàbá. Ẹ rọra, òkè kò níí sá lọ.”

Mo dúró mí, mo sì ronú. Àwọn baba wa ní Ìjẹ̀bú fi òfin àti oníbodè ti ọ̀nà wọn mọ́ àlejò, títí ogun Ìmágbọ̀n fi ṣí i ní 1892. Ẹ̀fọ̀n kò nílò irú oníbodè bẹ́ẹ̀. Àpáta ni oníbodè wọn. Nínú òkè kan náà yìí, ní apá Òkèmẹ̀sí àti Ìmẹ̀sí-Ilé, ni àwọn Èkìtì-parapọ̀ ti kojú Ìbàdàn nínú ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ìró ìbọn ńlá tí ń dún láàrin òkè ni wọ́n fi sọ ogun náà ní Kírìjì.

Iṣẹ́ ọ̀nà ni Babalọlá pàápàá ń ṣe. Ọmọ Òdò-Ọwá ni, a bí i ní 1904, ẹ̀rọ ńlá tí a fi ń tẹ ọ̀nà ni ó sì ń wà fún ìjọba. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Akúrẹ́, lẹ́bàá Ìkejì-Arákejì, ẹ̀rọ náà kọ̀ jálẹ̀, ó sì jẹ́rìí pé níbẹ̀ ni òun ti gbọ́ ohùn tí ó pe òun lórúkọ. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù keje 1930 ni ìsọjí Òkè-Ooyè bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà, kò sì pẹ́ tí ó fi gòkè wá sí Ẹ̀fọ̀n. Ẹ bá mi ro ti ẹni tí ó pọn aláìsàn gun ibi tí èmi kò lè gun pẹ̀lú táyà méjì.

Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó wọ ìlú. Òrùlé páànù tò sí ìsàlẹ̀ òkè lọ́tùn-ún lósì, atẹ́gùn sì tutù. Ìlú àwọn agbẹ́gilére ni. Agbọ́nbíòfẹ́ tí ó kú ní 1945 ni ó gbẹ́ àwọn òpó ààfin wọn. Ṣùgbọ́n ọjà ni ó wù mí láti sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìyá oníṣu kan bi wá níbo ni a ti wá. Nígbà tí ó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀yin oníbọ́ọ̀sì! Ẹ ń wá, ẹ ń lọ. Oúnjẹ yín, láti ilé lẹ ti ń gbé e wá.” Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó ṣàlàyé pé iṣu ń ta níbòmíràn, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ tí yóò gbé e sọ̀kalẹ̀ òkè ni ó ń jẹ èrè tán, àwọn ọmọ tí ìbá sì bá òun rù ú ti lọ sí Èkó.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju òkè lọ. A ti ń gun òkè yìí wá gba ìbùkún láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ tí ẹ ń ṣètò ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀sì dúró lọ́jà fún wákàtí kan kí ẹ tó yíjú sílé, kí àyè sì wà lẹ́yìn ọkọ̀ fún iṣu. Ẹ má yọwó jù.

Àwa ra márùn-ún. A fi rọ́bà dì wọ́n mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, a sì kọjú sí ìsàlẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìka wa kò kúrò lórí bíréèkì títí a fi gbọ́ òórùn rọ́bà tí ń jó.