Ìdánwò Àbúrò Mi
Àbúrò mi, ẹni tí ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán egungun ní ilé ìwòsàn, ń múra ìdánwò àwọn tí ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ìtànṣán olóró. Lálaalẹ́ ni mo ń bi í ní ìbéèrè. Nǹkan mẹ́ta ni ó ń kà lákàtúnkà: má pẹ́ nítòsí rẹ̀, jìnnà sí i, fi òjé dínà rẹ̀. Bí a bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí orísun rẹ̀, èyí tí yóò bà wá yóò di ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó fẹ́ fo orí kan. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọn kì í béèrè eléyìí.” Mo kà á sókè. Ní Goiânia, ní ilẹ̀ Bràsíl, ní ọdún 1987, àwọn kan tú ẹ̀rọ ìwòsàn tí a pa tì. Ohun tí ń tàn nínú rẹ̀ pa ènìyàn mẹ́rin. Ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan wà nínú wọn.

Àbúrò mi dákẹ́. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, kò sì sùn títí àkùkọ fi kọ.

Ó yege. Ẹ̀yin ọmọ, wọn kò béèrè orí náà rárá. Ṣùgbọ́n òun ni kò lè gbàgbé láéláé.