Iye Tí A Pè, Iye Tí A San



Àbúrò mi kan tí a jọ dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹfà ọdún 2016, nígbà tí Ìlú Ọba dìbò bóyá kí wọ́n kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Òfin gba ọmọ Nàìjíríà tí ń gbé ibẹ̀ láàyè láti dìbò, nítorí a wà nínú Commonwealth. Ó sọ fún mi lórí fóònù pé: "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n kọ ọ́ sára bọ́ọ̀sì pé mílíọ̀nù 350 pọ́n-ùn là ń fi ránṣẹ́ sí Yúróòpù lọ́sẹ̀. Kí wọ́n kúrò, kí wọ́n fi tọ́jú ilé ìwòsàn!" Mo ní ó dáa.

Ní ọjà Akẹ̀sán, ní Ọ̀yọ́ tí mo ń gbé, ọmọdé mọ̀ pé iye tí a pè kì í ṣe iye tí a san. Nígbà náà, Ìlú Ọba ti ní ẹ̀dínwó tirẹ̀ láti ọdún 1985, wọ́n sì máa ń yọ ọ́ kí wọ́n tó sanwó. Oǹkà náà wà nínú ìwé. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà, "fi ránṣẹ́", ni kò tọ̀nà.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Àjọ ìṣirò ìjọba wọn kéde ṣáájú ìdìbò pé ọ̀rọ̀ náà ń ṣini lọ́nà. Òtítọ́ bá a. Bọ́ọ̀sì kò dúró. Ìdá 51.9 nínú ọgọ́rùn-ún ní kí wọ́n kúrò.

Èmi tí mo fi ọ̀rọ̀-ìṣe jẹun kò bi àbúrò mi pé: pípè ni àbí sísan?

Ẹ̀yin, ẹ máa bèèrè.