Ayò Tí Wọ́n Kà Láti Ẹ̀yìn Wá

Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal, onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Vrije nílùú Amsterdam, so ọpọlọ kọ̀ǹpútà (processor) 144 pọ̀, wọ́n sì fi wákàtí 51 tú àdììtú awari. Ayò ni awari: ihò 12, ọmọ 48, òfin rẹ̀ kò sì jìnnà sí ti èyí tí à ń ta nílùú wa, Odomèta. Gbogbo bí ọmọ ayò ṣe lè wà lójú ọpọ́n, ọ̀nà 889,063,398,406, ni wọ́n yẹ̀ wò. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ẹni méjèèjì kò bá ṣi ọwọ́ gbé rárá, ọ̀mì ni wọ́n máa ta.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sinmi. Ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà mí lọ́kàn. Ẹ̀rọ náà kò bẹ̀rẹ̀ láti orí mẹ́rin-mẹ́rin bíi tiwa. Ìparí ló ti bẹ̀rẹ̀: ó mọ ibi tí eré ń já sí nígbà tó bá ku ọmọ kan, ó fi ìyẹn mọ ti méjì, ó fi méjì mọ mẹ́ta, títí ó fi fẹ̀yìn rìn dé 48. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ka òpin eré chess. Ní 2012, kọ̀ǹpútà ńlá Lomonosov ní Moscow ka fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ibi tó bá ti ku ọmọ méje lójú pátákó, ó sì rí ibì kan tí ẹnì kan ti jẹ pátápátá, àmọ́ tí yóò ta ju ìgbà 500 lọ kí ọba ẹnì kejì tó há. Ọ̀pọ̀ nínú ọwọ́ wọ̀nyẹn, àwọn ọ̀gá chess pàápàá kò rí ìdí wọn.

Bàbá àgbà kan wà ládùúgbò wa tí í máa ká ọwọ́ kúrò lójú ọpọ́n nígbà tó bá ku ọmọ díẹ̀. Á ní, "Ó ti tán." Àwa ọmọdé tó yí wọn ká kò rí ohun tó tán. Bí ẹni tí wọ́n jọ ń ta bá jiyàn, Bàbá á ní kó máa ta á lọ, á sì máa tọ́ka sí ihò tí onítọ̀hún máa gbé kó tó nawọ́. Bó ti wí náà ló ń rí. Ariwo tí à ń pa nígbà náà kì í ṣe kékeré.

Mo fẹ́ sọ pé Bàbá àti ẹ̀rọ Amsterdam jọ mọ ohun kan náà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ọ̀mì ni ayò tí kò lábùkù, a jẹ́ pé kò sí ẹni tó pàdánù lójú wa rí tí kì í ṣe ọwọ́ ara rẹ̀ ló ṣe é, ó sì ti ṣe é tipẹ́ kí Bàbá tó ní ó tán. Ẹ̀rọ náà lè tọ́ka sí ọwọ́ yẹn gan-an. Ìdí tí ẹni tó pàdánù náà fi gbé e ni kò sí nínú ohun tó kà, nítorí ọpọ́n ló ń wò, kì í ṣe ẹni tó jókòó nídìí rẹ̀.

Bàbá mọ ìdí. Bí ó bá ń bá oníwàǹwára ta, á fi ihò ọlọ́mọ kan sílẹ̀ gbayawu fún un kó wá jẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ oníbẹ̀rù, á rọra kó ọmọ jọ sójú kan títí á fi di odù, onítọ̀hún á sì máa tú ilé ara rẹ̀ ká nítorí odù tí Bàbá lè má gbé rárá.