Igi Ọrọ́ Ìlú Jos àti Ẹ̀gún Inú Ìkòkò

Àwọn àgbà ní àìrìn-jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún 2022, nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi, èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún méje, gbéra láti ìlú Minna tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, a lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní Jos. Ọkọ̀ wa gba Àbújá, Keffi àti Akwanga kọjá. Nígbà tí a dé Hawan Kibo, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ooru sì ń dínkù. Kí a tó kọjá Riyom, olúkúlùkù ti ń wá aṣọ òtútù. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí ìlú Jos ga ju ìpele òkun lọ ní ohun tí ó lé ní 1,200 mítà.

Ohun tí ó wù mí jù lọ́nà ni ọgbà àwọn abúlé. Igi ọrọ́ ni wọ́n fi ṣe é: ó ki, ó tutù yọ̀yọ̀, ẹ̀gún sì bò ó. Wọ́n máa ń sọ pé láyé ogun, irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí àwọn ẹlẹ́ṣin ráyè wọlé. Lónìí, ewúrẹ́ àti màlúù ni ó ń dá dúró.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àsárì, a rìn jáde. Kí n tó mọ̀, ọmọ mi ti ṣẹ́ ẹ̀ka ọrọ́ kan. Oje funfun bí wàrà sì dà sí i lọ́wọ́. Bí ó ti fẹ́ fi ọwọ́ náà nu ojú, Àǹtí dì í mú.

“Àfáà, ẹ wá ọṣẹ àti omi kíá!”

Lẹ́yìn tí a fọ ọwọ́ ọmọ náà tán, Àǹtí sọ fún wa pé oje yìí ti ta sí òun lójú rí nígbà èwe. Ọjọ́ mẹ́ta ni òun kò fi lè la ojú, nítorí pé tìróò ni wọ́n fi sí i dípò omi. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí: bí oje ọrọ́ bá kan ojú, omi mímọ́ ni kí ẹ máa dà sí i fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, Àǹtí fún wa ní káktọ́ọ̀sì kékeré kan nínú ike. Ẹ̀rù bà mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Wọ́n jọra ni, wọn kì í ṣe ìbátan.” Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìran káktọ́ọ̀sì ti ṣẹ̀, ẹ̀gún rẹ̀ a máa hù láti ojú kéékèèké tí ó dà bí òwú, kì í sì í ṣe oje funfun tí ń jóni bí ti ọrọ́ ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gún rẹ̀ ni kí a ṣọ́ra fún. Ó kìlọ̀ pé kí n má ṣe pààrọ̀ ìkòkò rẹ̀ títí òtútù yóò fi lọ.

Ní oṣù Mààṣì, mo ṣe bí ó ti wí. Mo wá ìkòkò amọ̀ tí ó fi díẹ̀ tóbi ju ike náà lọ, tí ihò sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo po ilẹ̀dú àti iyanrìn tí kò kúnná ní ìdọ́gba. Mo jẹ́ kí erùpẹ̀ inú ike gbẹ dáadáa, mo wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ, mo ká ìwé ìròyìn bí ọ̀já, mo fi gbá káktọ́ọ̀sì náà mú, mo sì rọra yọ ọ́. Mo gbọn erùpẹ̀ àtijọ́ kúrò lára gbòǹgbò, mo sì gbìn ín sí ibi tí ó jìn tó ti àtẹ̀yìnwá. N kò bomi rin ín fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ọgbẹ́ gbòǹgbò má baà rà. Láti ìgbà náà, àfi bí erùpẹ̀ bá gbẹ pátápátá ni mo ń fún un lómi. Bí ẹ̀gún bá gún ènìyàn, ẹ̀mú kékeré ni kí a fi yọ ọ́, kí a má ṣe fi eyín fà á.

Káktọ́ọ̀sì náà ṣì wà lójú fèrèsé wa, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò dé. Bí àlejò bá na ọwọ́ sí i, ọmọ mi ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, bí ẹ bá sì ti kàn án, ẹ má fi ọwọ́ náà nu ojú.”