Ta Ni Yóò San Owó Lífù?

ÀBỌ̀DÉ: Àǹtí, ṣé tíṣà yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni mo rí ní kíláàsì níléèwé yín lánàá?

ONÍLÉ: Òun ni. Lífù ọ̀sẹ̀ 12 ni òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún un, mẹ́fà ṣáájú ìkúnlẹ̀, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Ìdajì owó oṣù ni mo san. Òfin ò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ÀBỌ̀DÉ: Ọmọ tí ọrùn rẹ̀ ò tíì le! Ọ̀sẹ̀ 52 ni lọ́hùn-ún ní Lọ́ńdọ̀nù, a sì ń gbowó fún 39 nínú rẹ̀.

ONÍLÉ: Owó kíkún?

ÀBỌ̀DÉ: Rárá o. Ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, owó táṣẹ́rẹ́ tí ò tó san owó ilé. Ọ̀pọ̀ ló ń sáré padà síbi iṣẹ́ kí ọdún tó yí po.

ONÍLÉ: Ìjọba Èkó náà fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lóṣù mẹ́fà ní 2014, fún ọmọ méjì àkọ́kọ́. Wọ́n tiẹ̀ fún bàbá ọmọ ní ọjọ́ 10. Ó dáa, àpò ìjọba ló ń san án. Èmi ńkọ́? Bí tíṣà méjì bá bímọ lẹ́ẹ̀kan náà, màá san tiwọn, màá san ti ẹni tó dúró fún wọn, àwọn òbí ò sì tíì san owó iléèwé. Kí n má parọ́ fún ẹ, bí ọmọge bá wá wáṣẹ́ báyìí, ìka rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò, bóyá òrùka wà níbẹ̀.

ÀBỌ̀DÉ: Ẹ ẹ̀ rí i? Lọ́hùn-ún, ọ̀gá á san, á sì gbà á padà lọ́wọ́ ìjọba. Ilé-iṣẹ́ ńlá ń gba ìdá 92. Kékeré bíi tiyín ń gba gbogbo rẹ̀, wọ́n á tún fi díẹ̀ lé e.

ONÍLÉ: Ìjọba wo? Èyí táwọn olùfẹ̀yìntì ń tò sí lẹ́nu ọ̀nà?

ÀBỌ̀DÉ: Ẹ fi Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀, ẹ wo Kútọnu. Ọ̀sẹ̀ 14 ni ní Bẹ̀nẹ̀, owó kíkún. Ọ̀gá san ìdajì, àpò tí gbogbo agbanisíṣẹ́ ń dá owó sí san ìdajì. Ṣebí òfin ní kí ẹ̀yin náà máa fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ránṣẹ́ sí àpò ìjọba tó ń jẹ́ NSITF, nítorí òṣìṣẹ́ tó bá fara pa? Ẹni tó bímọ ńkọ́?

ONÍLÉ: Bí irú àpò yẹn bá wà, mo gbà, kí wọ́n lọ oṣù mẹ́fà. Bí wọ́n bá kàn fi ọjọ́ kún ọjọ́, tí wọ́n di gbogbo ẹrù rẹ̀ rù mí, ọkùnrin nìkan ni màá máa gbà síṣẹ́. Ìyá elélùbọ́ iwájú ilé wa tí ò ní ọ̀gá ńkọ́?

ÀBỌ̀DÉ: Òun náà lè máa dá tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

ONÍLÉ: Ta ni yóò máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Kì í ṣe káńsù o!

ÀBỌ̀DÉ: Alájọ rẹ̀ ni.