Máńgòrò Tanná ní Magodo

Bí ọyẹ́ bá ti ń la ètè ní Magodo l'Ékòó, igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa á rúdi. Kí oṣù Kìíní tó parí, òdòdó wẹ́wẹ́ á ti bo orí rẹ̀, àmọ́ àwọn ará ilé kì í gbójú sókè wò ó. Èso ni wọ́n ń retí. Ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń ṣọ́ géètì bá mi níbi tí mo ti na fóònù sí ẹ̀ka, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ó so ná, kẹ́ ẹ tó máa yà á." Mo ní kó sún mọ́ ọn. Ó wò ó títí, ó ní eṣinṣin lòun rí.

Kò parọ́. Eṣinṣin wà lára àwọn òṣìṣẹ́ tí igi náà gbójú lé jù. Àwọn àti oyin ló ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó kiri. Ìdì kan ṣoṣo lè ní òdòdó tó lé ní 1,000, akọ ló sì sábà máa ń pọ̀ jù, tí kò lè di nǹkan kan. Nínú 100, agbára káká ni 1 á fi gbó. Òtútù òru àti ọ̀dá ló ń jí igi náà láti tanná, òjò òjijì sì lè ba tirẹ̀ jẹ́: òdòdó á dúdú, á rẹ̀ dànù.

Fọ́tò igi lódindi kò wù mí yà. Wáyà NEPA á kó sí i, táǹkì omi aládùúgbò á kó sí i, ekuru ọyẹ́ á sì ti gba gbogbo àwọ̀ lójú ọ̀run. Ìdì kan ni mo máa ń mú. Kí oòrùn tó mú, mo máa ń fi ọwọ́ òsì di ẹ̀ka náà kí afẹ́fẹ́ má baà mì ín, kí n wá fi àtàǹpàkò ọ̀tún tẹ fóònù. Ibẹ̀ lojú ti ń rí nǹkan: ọ̀pá ìdì náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú, òdòdó orí rẹ̀ kò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan, ìlà yẹ́lò inú rẹ̀ sì ń pọ́n bó ṣe ń gbó lọ. Bí ó ṣe dúró ṣánṣán yẹn, àfi bí irun onílé gogoro.

Irun yìí ló ń mú mi rántí ayàwòrán J.D. 'Okhai Ojeikere. Kò jìnnà sí wa rárá; Ketu níbí ló ṣí sítúdíò rẹ̀ sí ní 1975. Láti 1968 ló ti ń ya irun àwọn obìnrin, ẹ̀yìn orí ló sì sábà máa ń yà, títí àwòrán náà fi sún mọ́ 1,000 kó tó kú ní 2014. Ohun tí wọ́n máa tú ká láìpẹ́ ló ń fi sùúrù yà. Mi ò mọ iṣẹ́ náà tó o, àmọ́ mo fẹ́ràn ojú tó fi wò ó.

Bó bá di oṣù Kẹrin, igi pánṣẹ́kẹ́ á pupa fòò létí títì, oníkálukú á yọ fóònù. Ó tọ́ sí i. Ẹwà ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé e kúrò ní Madagascar. Máńgòrò tó ti Íńdíà wá, ẹnu ni wọ́n fi ń rántí tirẹ̀. Èmi ò bá wọn du pánṣẹ́kẹ́.