Ìrántí Ẹlẹ́rìí àti Àwòṣe Kọ̀ǹpútà
Ní ilẹ̀ Ìbàràpá, níbi tí Igbó-Ọrà ti gba orúkọ ìlú ìbejì, ìjọra ojú kì í ṣe ohun àjèjì, ṣùgbọ́n ewu tí ìjọra lè kó bá ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá kò tíì rí àròjinlẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Ìlànà ẹjọ́ Turnbull, tí ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ní ọdún 1976, tí àwọn ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà náà sì ń tẹ̀ lé, ní kí adájọ́ wádìí iye àkókò tí ẹlẹ́rìí fi wo ọ̀daràn, bó ṣe jìnnà sí i tó, irú ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀, àti bóyá ó ti mọ̀ ọ́n rí. Ìbéèrè gidi ni wọ́n, síbẹ̀ wọn kò sọ bí ìrántí ṣe ń di ìtọ́ka.

Àwòṣe kọ̀ǹpútà, ìyẹn ètò ìṣirò tó ń ṣe àfarawé iṣẹ́ ọkàn, ló gbìyànjú èyí. Nínú èyí tí olùwádìí Steven Clark gbé jáde ní ọdún 2003, tó pè ní WITNESS, ojú ènìyàn kọ̀ọ̀kan di ọ̀wọ́ nọ́ńbà, bí ẹni pé ọ̀kan dúró fún ìrí imú, òmíràn fún ilà ojú. Bí ẹlẹ́rìí bá rí olè fìrí lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì lọ́nà oko Ayétẹ̀, díẹ̀ nínú àwọn nọ́ńbà náà ni yóò wọlé bó ṣe rí, èyí tí kò bá sì wọlé, nọ́ńbà mìíràn a bọ́ sí ipò rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹlẹ́rìí fura. Lẹ́yìn náà, kọ̀ǹpútà a fi ohun tó kù nínú ìrántí wé ojú àwọn tí ọlọ́pàá tò síwájú ẹlẹ́rìí, a wo bí èyí tó bá a mu jù ṣe bá a mu tó àti bó ṣe ta èkejì yọ tó, bí àpapọ̀ méjèèjì bá sì kọjá òṣùwọ̀n tó wà lọ́kàn ẹlẹ́rìí, ó ti tọ́ka nìyẹn.

Bí olè náà kò bá sí nínú ìtò rárá, tó jẹ́ àbúrò rẹ̀ tàbí èjìrẹ́ rẹ̀ ni wọ́n mú, tí wọ́n sì to àwọn tí kò jọ ọ́ tì í, ẹni tí wọ́n mú ni yóò ta gbogbo wọn yọ, ẹlẹ́rìí tí kò purọ́ rárá sì lè tọ́ka sí i. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni mọ̀ dájú bóyá ọ̀daràn wà nínú ìtò. Nínú àwòṣe, olùwádìí ló fi í síbẹ̀ tàbí tó yọ ọ́ kúrò, ó sì lè tún ìdánwò náà ṣe ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láti mọ ìgbà tí àṣìṣe ń pọ̀. Kò yẹ kí a fi irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru ọjọ́ kan pàtó. Kí ọlọ́pàá tó to ènìyàn ló ti wúlò, kí gbogbo àwọn tí wọ́n tò lè bá àpèjúwe tí ẹlẹ́rìí kọ́kọ́ ṣe mu, kí wọ́n sì sọ fún un, kó tó wò wọ́n, pé ẹni tó rí lè má sí láàárín wọn.